Kí Ni Ó Fà Á Tí Agogo Èèwọ̀ Fi Já Wa Kulẹ̀?

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa eré Yorùbá inú fíìmù, orúkọ Túndé Kèlání àti ti Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínwùmí Ìṣọ̀lá ni yóò kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa ní ẹ̀ka yìí. Ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Kòṣeégbé, Ó Le Kú àti Ṣaworoidẹ ti di ohun tí a fi ń ṣe àpẹẹrẹ nígbà tí a bá ń kọ́ nípa ìfìwàwẹ̀dá àti ìlò èdè. Ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ tí a ní fún àwọn àgbà méjì yìí ti pọ̀ dé ibi pé nígbà tí a bá dé orí Agogo Èèwọ̀, fíìmù tí ó jáde ní 2002 láti máa bá ìtàn Ṣaworoidẹ ti 1999 lọ, ńṣe ni a máa ń kan sáárá sí i bí ẹni pé kò sí ìyàtọ̀ láàárín àwọn méjèèjì. Ìyàtọ̀ wà. Mo mọ̀ pé bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà, àkísà tèmi kò sì pọ̀. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá wo fíìmù méjèèjì tẹ̀ lé ara wọn yóò rí i pé èkejì kò mú ni lọ́kàn bí èkíní, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òṣèré ńláńlá ló kún inú rẹ̀ bámú. Ohun tí ó fà á ni mo fẹ́ gbìyànjú láti ṣàlàyé.

Nítorí àwọn tí kò rí fíìmù náà, tàbí tí ó ti pẹ́ tí wọ́n rí i, ẹ jẹ́ kí n rán wa létí ìtàn náà ní ṣókí. Ìlú kan wà tí ń jẹ́ Jogbo. (Orúkọ yẹn nìkan ti tó láti sọ bí ayé ìlú náà ṣe korò tó.) Àwọn baba ńlá wọn fi ìmùlẹ̀ so ọba àti ìlú pọ̀. Adé idẹ kan wà, ìlù kan wà tí à ń pè ní ṣaworoidẹ, ẹni tí yóò bá sì jọba gbọ́dọ̀ sín gbẹ́rẹ́ kí ó sì búra. Bí ẹni tí kò búra bá dé adé idẹ, tí onílù lu ṣaworoidẹ, orí yóò bẹ̀rẹ̀ sí fọ́ olúwarẹ̀, yóò sì kú. Lápité fẹ́ jọba, ṣùgbọ́n owó ni ó fẹ́ fi oyè kó jọ. Nítorí náà, ó kọ̀, kò búra. Láti inú kíkọ̀ yìí ni gbogbo eré náà ti ṣẹ̀ wá. Àwọn agégẹdú ń gé igbó Jogbo, àwọn ìjòyè ń pín owó wọn, àwọn àgbẹ̀ ń sunkún, àwọn ọ̀dọ́ fárí gá. Lágata tí ó jẹ́ ológun dá sí ọ̀rọ̀ náà, ó sì gba ìjọba mọ́ ọba lọ́wọ́. Òun náà kò búra. Ìlù dún, ó kú.

Ibẹ̀ ni Agogo Èèwọ̀ ti gbà á. Ìtẹ́ ṣófo. Balógun, Ṣẹ̀ríkí àti àwọn ìjòyè yòókù, àwọn tí wọ́n bá Lápité jẹ tí wọ́n sì tún bá Lágata jẹ, ń wá ẹni tí wọn yóò fi jọba tí kò ní dí wọn lọ́wọ́. Wọ́n mú Adébọ̀sípò, ọlọ́pàá tí ó ti fẹ̀yìn tì. Wọ́n rò pé ẹni tí àwọn fà kalẹ̀ yóò máa ṣe bí àwọn bá ti wí. Ọba gun orí ìtẹ́ tán, ó ní olè jíjà ti parí ní Jogbo. Àwọn ìjòyè bẹ̀rẹ̀ sí dìtẹ̀. Ní ìkẹyìn, ètò ìbúra wáyé níwájú agogo èèwọ̀, Balógun àti Ṣẹ̀ríkí tí wọn kò jẹ́wọ́ ohun tí wọ́n jí sì kú.

Àwa ọmọ Abẹ́òkúta kò lè wo ìtàn yìí bí ẹni ń wo ìtàn ìlú onílùú. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Èkó ni wọ́n ti bí Kèlání ní 1948, ọ̀dọ̀ bàbá àgbà rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ni ó ti dàgbà. Yàtọ̀ sí èyí, ẹ wo àwọn ọdún tí ìtàn náà ń pa lówe. Ní 1993, ọmọ Ẹ̀gbá ni Abíọ́lá tí a dìbò fún ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà, ọmọ Ẹ̀gbá náà sì ni Shonekan tí wọ́n gbé ìjọba fìdí-hẹ lé lọ́wọ́ láti oṣù Kẹjọ sí oṣù Kọkànlá. Abacha tó gba ìjọba lọ́wọ́ Shonekan kú sórí oyè ní oṣù Kẹfà 1998. Abíọ́lá kú ní àtìmọ́lé ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e. Nígbà tí ó fi máa di ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 1999, Ọbásanjọ́ ọmọ Òwu, ológun tí ó ti fẹ̀yìn tì, tí kò tíì pé ọdún kan tí ó ti ẹ̀wọ̀n dé, ti di ààrẹ. Ẹni tí ó bá rí ọlọ́pàá afẹ̀yìntì tí àwọn ìjòyè fi jọba ní Jogbo, tí wọ́n rò pé yóò gbọ́ tiwọn, kò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ òwe náà fún òun. Àwọn àgbà ilé wa túmọ̀ rẹ̀ ketekete, wọ́n sì jiyàn lé e lórí títí ilẹ̀ fi ṣú.

Orí sídì ni mo ti wo fíìmù yìí, ní ilé wa ní Ìtòkò. Ó yẹ kí n sọ èyí nítorí pé ibi tí ènìyàn ti wo eré kì í ṣe ohun kékeré. Sídì fídíò kan kò lè gbà ju nǹkan bí wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú lọ. Nítorí náà, ńṣe ni wọ́n máa ń gé fíìmù kan sí méjì. Bí àkọ́kọ́ bá tán, ẹnì kan yóò dìde lọ fi èkejì sí i, ẹlòmíràn yóò lọ gbé omi, àwọn ìyá yóò sì ti bẹ̀rẹ̀ sí dájọ́ lórí ohun tí wọ́n ti rí. Ìsinmi yìí ni ìdánwò tí ó le jù fún eré inú ilé. Nígbà tí a wo Ṣaworoidẹ, kíákíá ni wọ́n ń pariwo kí a fi sídì kejì sí i. Nígbà tí a wo Agogo Èèwọ̀, a lọ jẹun, a jẹun tán, ẹ̀gbọ́n mi kan béèrè bóyá a ṣì fẹ́ rí ìyókù. A fi sí i ṣá. Bí ọba bá sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ gígùn, ẹni tí rìmóòtù wà lọ́wọ́ rẹ̀ á tẹ̀ ẹ́ síwájú. Bí ó bá kan àwọn ìjòyè, wọn á ní kí ó dá a padà.

Ọ̀rọ̀ wà nínú rìmóòtù yẹn, nítorí pé ọba tí a ń fò kọjá yìí ni ó yẹ kí ó jẹ́ olú ẹ̀dá ìtàn. Adébọ̀sípò jẹ́ ènìyàn rere nígbà tí a kọ́kọ́ rí i, ènìyàn rere náà ni títí eré fi parí. Dẹjúmọ̀ Lewis ṣe é pẹ̀lú iyì, bí ó ti mọ̀ ọ́n ṣe, ṣùgbọ́n kí ni wọ́n fún un ṣe? Òṣèré kò lè fi iyì nìkan gbé eré. Owó kò wọ̀ ọ́ lójú rárá, ìbẹ̀rù kò mú un pẹ́, a kò sì rí òru kan tí ó dá jókòó tí ó ń ro ó bóyá kí òun gbà díẹ̀ kí òun lè ráyè ṣe púpọ̀. Ẹ fi í wé Lápité tí Kọ́lá Oyèwọ̀ ṣe. Èèyànkéèyàn ni Lápité, ṣùgbọ́n ó yan nǹkan kan ní ìbẹ̀rẹ̀ eré, ohun tí ó yàn náà sì ń lé e kiri títí ó fi kú. À ń wo ẹni tí ó mọ̀ pé òun jẹ gbèsè. Ọba rere tí kò jẹ gbèsè kankan kò ní ohun tí a ó máa dúró dè.

Nígbà tí ọba kò gba ojú eré, àwọn ìjòyè gbà á. Mo rò pé níbí ni ọ̀pọ̀ òṣèré ti di ìṣòro. Léré Paimọ ni Balógun, Láriǹdé Akínlẹ́yẹ ni Ṣẹ̀ríkí. Ta ni yóò rí àwọn méjì yìí tí wọ́n jọ ń rẹ́rìn-ín sí ara wọn tí kò ní fẹ́ máa bá wọn rẹ́rìn-ín? Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn dùn ju ti ọba lọ. Òwe wọn mú ju tirẹ̀ lọ. Adébáyọ̀ Fálétí tí ó jẹ́ Baba Ọ̀pálábá nínú Ṣaworoidẹ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, Kúnlé Afọláyan tí ó jẹ́ Arẹ́sẹ̀jábàtà náà padà wá. Gbogbo ẹni tí a fẹ́ràn ni ó padà wá, ó sì dà bí ẹni pé wọ́n gbọ́dọ̀ bu iṣẹ́ díẹ̀díẹ̀ fún kálukú kí ẹnikẹ́ni má baà bínú. Nínú Ṣaworoidẹ, òkùn kan ni ó gba ọwọ́ gbogbo wọn kọjá: ìlù yìí dà, ta ni yóò lù ú? Nínú èyí, kálukú di òkùn tirẹ̀ mú.

Àwọn ọ̀dọ́ ni ó jọ mí lójú jù. Nígbà ayé Lápité, wọ́n ní ọ̀tá, wọ́n sì ní ohun tí wọ́n lè pàdánù. Nígbà tí ọba fúnra rẹ̀ bá wá ń sọ ohun tí àwọn ọ̀dọ́ ń sọ, kí ni ó kù fún ọ̀dọ́ láti ṣe ju pé kí wọ́n pàtẹ́wọ́ lọ?

Ṣùgbọ́n gbogbo èyí ì bá ṣeé fojú fò bí kì í bá ṣe ti agogo. Ohun tí mo rí sí i ni pé nínú Ṣaworoidẹ, ìbúra ni ó bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Nínú Agogo Èèwọ̀, ìbúra ni ó parí rẹ̀. Ohun kan náà ni, ibi tí a gbé e sí ni ó yàtọ̀, iṣẹ́ tí ó ń ṣe sì yí padà pátápátá. Ìbúra tí ó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ dà bí òjìji tí ó bo gbogbo eré. A mọ òfin, a mọ ẹni tí ó rú u, ìgbàkígbà tí a bá rí adé idẹ ni àyà wa ń já. Ìlù náà kò sì lè dá dún. Ènìyàn ni yóò lù ú, ẹni tí yóò lù ú wà nínú ewu, ẹni tí ó sì mọ ibi tí ó wà wà nínú ewu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Agbára àwọn baba ńlá wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọrùn ènìyàn ni ó wà lábẹ́ rẹ̀. Ìbúra tí ó wà ní òpin kò rí bẹ́ẹ̀. Ìgbálẹ̀ ni. A ti kó ìdọ̀tí jọ fún wákàtí méjì, a kò mọ ibi tí a ó dà á sí, a wá mú ìgbálẹ̀ wá, ilẹ̀ mọ́.

Nígbà tí Balógun ṣubú, ìyá àgbà mi kò pariwo. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi wá: “Ta ni yóò wá jẹ Balógun báyìí? Ṣé kì í ṣe ará ilé rẹ̀ náà ni?” Kò sí ẹni tí ó lè dá wọn lóhùn, fíìmù náà kò sì dá wọn lóhùn.

Ìyá àgbà mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ìlú tí àwọn ti gbọ́njú gbọ́ bí àwọn ìyá wọn ṣe bá ọba fa ọ̀rọ̀ ni wọ́n ti wá. Ẹ jẹ́ kí a wo ìtàn yẹn díẹ̀, nítorí pé òun gan-an ni ó jẹ́ kí n rí ohun tí ó sọnù nínú fíìmù yìí. Láti 1918 ni wọ́n ti ń gba owó orí ní Abẹ́òkúta, obìnrin sì ń san tirẹ̀ lọ́tọ̀ sí ti ọkọ. Ọmọbìnrin ọdún 15 ti ń san án, nígbà tí ọmọkùnrin ń dúró di ọdún 16. Ní àkókò Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n tún ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn ìyá ọjà. Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì ni ó wà lórí ìtẹ́, òyìnbó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta tí Olúfúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti jẹ́ olórí fún kò rí agogo kankan lù. Wọ́n kọ̀wé ẹ̀bẹ̀, wọn kò gbọ́ tiwọn. Wọ́n kọ̀ láti san owó orí, wọ́n gbé olórí wọn lọ sí kóòtù. Ní òpin oṣù Kọkànlá 1947, wọ́n lọ sí iwájú ààfin Aké ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún, wọ́n sùn síbẹ̀, wọ́n ń kọrin. Ní oṣù Kejìlá wọ́n tún padà lọ. Ní oṣù Keje 1948 ni Aláké kúrò ní ìlú, ó lọ sí Òṣogbo. Ní oṣù Kìíní 1949 ó fi oyè sílẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣàkíyèsí àwọn olóyè. Àwọn tí wọ́n ti bá ọba ṣe tẹ́lẹ̀ wà lára àwọn tí wọ́n yí padà sí i ní 1948 nígbà tí wọ́n rí ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí. Kò sí agogo tí ó pa wọ́n. Wọ́n padà sí ilé wọn. Bákan náà, ní oṣù Kejìlá 1950, Aláké padà wá sí orí ìtẹ́, àwọn obìnrin tí wọ́n kọrin lé e lọ sì ń rí i bí ó ti ń kọjá. Báwo ni wọ́n ṣe ń wo ojú ara wọn? Kí ni olóyè tí ó ti yí padà lẹ́ẹ̀mejì ń sọ fún ìyàwó rẹ̀ lálẹ́? Eré wà nínú èyí. Irú eré bẹ́ẹ̀ ni Akínwùmí Ìṣọ̀lá mọ̀ ọ́n kọ jù, ẹni tí ó bá ti ka Ẹfúnṣetán Aníwúrà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní Jogbo, àwọn olè kú, ọ̀rọ̀ tán nílẹ̀, kò sí ẹni tí ó ní láti bá ẹnikẹ́ni gbé pọ̀ mọ́.

Ẹnì kan lè sọ pé mo ṣi ọ̀rọ̀ náà gbọ́, pé kì í ṣe ìtàn Ẹ̀gbá ni àwọn òǹṣeré ń sọ, pé ohun tí wọ́n fẹ́ kọ́ wa ni agbára ìmùlẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ wa sọ bẹ́ẹ̀ fún mi, mo sì fi ọ̀wọ̀ gba ọ̀rọ̀ wọn rò. Lóòótọ́, àkókò tí fíìmù náà jáde jẹ́ àkókò tí gbogbo Nàìjíríà ń sọ̀rọ̀ lórí ìwà ìbàjẹ́. Ní 2000 ni ìjọba àpapọ̀ dá àjọ ICPC sílẹ̀, EFCC sì tẹ̀ lé e ní 2003. Láàárín ọjà àti nínú bọ́ọ̀sì, ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ, tí wọ́n ṣì ń sọ títí di òní, ni pé kí àwọn olóṣèlú má fi Bíbélì tàbí Kùránì búra mọ́, kí wọ́n fi irin Ògún búra, a ó rí i bóyá wọn yóò jalè. Fíìmù náà gbé èrò yìí yẹ̀ wò tọkàntọkàn, ìyẹn sì yẹ fún ìyìn. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń sọ ọ́ nínú bọ́ọ̀sì fẹ́ kí wọ́n búra kí wọ́n tó gba ipò. Ṣaworoidẹ gan-an ni wọ́n ń sọ. Lápité ni wọ́n ní lọ́kàn.

Kèlání náà kò dúró síbẹ̀. Ní 2021, ó padà wá sí Abẹ́òkúta pẹ̀lú Ayinla, fíìmù lórí Àyìnlá Ọmọwúrà, olórin àpàlà ọmọ Ìtòkò tí wọ́n pa ní ilé ọtí ní ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún 1980. Òṣèré pọ̀ nínú ìyẹn pẹ̀lú, àléébù rẹ̀ sì wà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó fi rìmóòtù fò ó ní ilé wa. Gbogbo àdúgbò ni ó mọ̀ pé ọkùnrin náà yóò kú, wọ́n sì mọ irú ìbínú tí ó ní. Ohun tí wọ́n ń wò ni bí ìbínú yẹn ṣe ń tì í lọ síbẹ̀. Lateef Adédiméjì ní ohun kan láti gbé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Dẹjúmọ̀ Lewis kò ní.

Àwọn sídì náà ṣì wà nínú àpótí ní ilé wa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rọ tí ó ń lù wọ́n kò wọ́pọ̀ mọ́, tí èkejì sì ti ń há níbi tí àwọn ìjòyè ti ń ṣe ìpàdé. Bí ẹgbẹ́ wa bá fẹ́ fi wọ́n han àwọn ọmọ ọdún kìíní, àbá mi ni pé kí a fi Ṣaworoidẹ hàn ní alẹ́ ọjọ́ kan, kí a fi Agogo Èèwọ̀ hàn ní alẹ́ ọjọ́ kejì, kí a dá èkejì dúró nígbà tí ó bá ku díẹ̀ kí wọ́n gbé agogo jáde, kí a sì ní kí kálukú sọ bí òun yóò ṣe parí rẹ̀. Mo ti béèrè lọ́wọ́ ìyá àgbà. Wọ́n ní àwọn yóò jẹ́ kí Balógun jẹ́wọ́, kí wọ́n dárí jì í, kí ó sì padà sórí àga rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì.